Leo Frobenius: Òyìnbó tó rí orí Olókun, tí kò gbà pé ọwọ́ Yorùbá ló ṣe é

Ní apá ìparí ọdún 1910, òyìnbó ará Jámánì kan dé sí Ìbàdàn. Kò wá ra èkùrọ́ tàbí kòkó, kò sì wá wàásù. Ère ló ń wá. Ó ń wá ọpọ́n Ifá, ó ń wá oṣé Ṣàngó, ó ń wá òpó tí wọ́n gbẹ́ àti ilẹ̀kùn ojúbọ. Orúkọ rẹ̀ ni Leo Frobenius. Ìwọ̀nba oṣù díẹ̀ ló lò nílẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe níbẹ̀ ni kò jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ parẹ́ títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tó ti kú.

Ìbàdàn tí Frobenius bá nígbà náà ti di ìlú ńlá. Ìkànìyàn ọdún 1911 fi hàn pé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ tó nǹkan bíi 175,000. Reluwé ti ti Èkó dé ibẹ̀ láti ọdún 1901, ṣùgbọ́n kò tíì sí Gbọ̀ngán Mápó, torí ọdún 1929 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i. Baálẹ̀ ni wọ́n ń pe olórí ìlú, oyè Olúbàdàn kò tíì dé. Láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, láti Béyèrúnká dé Òjé, agbo ilé alámọ̀ ló kún gbogbo rẹ̀. Yàrá tò yí àgbàlá ká, òjò sì ń ti orí òrùlé rọ̀ sí àárín ilé. Ogun abẹ́lé ti parí, ṣùgbọ́n àwọn tó jagun Kírìjì ṣì wà láàyè, àwọn agbẹ́gilére ṣì ń ríṣẹ́ gbà, ojúbọ òrìṣà sì wà ní ọ̀pọ̀ agbo ilé.

Ọ̀kan nínú àwọn ojúbọ wọ̀nyí ló kọ́kọ́ dá Frobenius dúró. Ojúbọ Ṣàngó tó wà ní Agbeni ni. Òpó tí wọ́n gbẹ́ ère sí lára ló tò síwájú rẹ̀: obìnrin tó pọnmọ, jagunjagun lórí ẹṣin, olórìṣà tó kúnlẹ̀. Àwọn òpó náà ló gbé òrùlé dúró. Ní inú lọ́hùn-ún ni pẹpẹ wà, pẹ̀lú oṣé Ṣàngó. Ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Carl Arriens wà lára àwọn tí Frobenius kó wá. Ó jókòó, ó sì fi ọ̀dà kun àwòrán ojúbọ náà bó ṣe rí gan-an. Àwòrán yìí wà lára ohun tó dára jù lọ tó ṣẹ́ kù láti fi mọ bí ilé òrìṣà ṣe rí ní Ìbàdàn ayé àtijọ́.

Ta wá ni òyìnbó yìí? Ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1873 ni wọ́n bí i ní Berlin. Ọ̀gá ológun ni bàbá rẹ̀. Bàbá tó bí ìyá rẹ̀ ló ń darí ọgbà ẹranko ìlú Berlin. Láti kékeré ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ti wọ ọmọ náà lára. Kò parí ilé ẹ̀kọ́ girama, kò sì gba oyè kankan ní yunifásítì. Ó kọ́ṣẹ́ òwò, ṣùgbọ́n òwò kò wù ú. Ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ló ń lọ, ní Bremen, ní Basel àti ní Leipzig, tó ń wo àwọn ohun tí àwọn atukọ̀ àti oníṣòwò kó ti Áfíríkà dé, tó sì ń kọ ohun tó rí sílẹ̀.

Ní ọdún 1898, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó tẹ ìwé kan jáde lórí àwọn ìbòjú eégún àti ẹgbẹ́ awo nílẹ̀ Áfíríkà. Ọdún yẹn kan náà ló dá ibi ìkówèésí kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ Áfíríkà. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ilẹ̀ Jámánì kò kà á kún. Lójú wọn, ẹni tí kò gba oyè kò gbọdọ̀ máa bá wọn jiyàn. Frobenius pinnu pé òun yóò rí ohun tí àwọn kò rí. Dípò kí ó jókòó sí Berlin kó máa ka ìwé tí ẹlòmíràn kọ, ó gbéra, ó di Áfíríkà. Ọdún 1904 ló kọ́kọ́ lọ, sí ilẹ̀ Kóńgò. Láti ìgbà náà títí di ọdún 1935, ìrìn àjò ńlá méjìlá ló rìn sí Áfíríkà. Èyí tó gbé e dé ilẹ̀ Yorùbá ni ìkẹrin, láàárín ọdún 1910 sí 1912.

Ohun tó mú un yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ òyìnbó ìgbà rẹ̀ ni pé ó gbà pé Áfíríkà ní ìtàn. Ní àkókò yẹn, ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ní ilé ìwé ní Yúróòpù ni pé kí òyìnbó tó dé, Áfíríkà kò ní nǹkan kan. Frobenius ní irọ́ ni. Ó ní àwọn ènìyàn Áfíríkà ti ní ìlú, ọba, iṣẹ́ ọwọ́ àti ìmọ̀ jíjinlẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Ní Ìbàdàn, ó jókòó ti àwọn babaláwo àti àwọn àwòrò Ṣàngó, ó ń bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kọ nípa Ifá, nípa Èṣù, nípa Ọbàtálá, nípa bí ìdílé kọ̀ọ̀kan ṣe so mọ́ òrìṣà tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n apá kejì wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Bó ti ń kọ ọ́ ló ń rà á. Ó fi owó síta, àwọn ènìyàn sì ń gbé ẹrù wá. Owó tó fi ń rìn kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Àwọn ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Jámánì ń retí ohun tí yóò kó bọ̀. Nígbà tó kúrò ní Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ ère ló ti wà nínú àpótí, tó ń dúró de ọkọ̀ ojú omi.

Ibi tí ọkàn rẹ̀ fà sí jù ni Ilé-Ifẹ̀. Ó ti gbọ́ pé ibẹ̀ ni orísun, pé àwọn òkúta gbígbẹ́ àti orí alámọ̀ àtijọ́ wà nínú igbó òrìṣà. Ní apá ìparí ọdún 1910 náà, ó gba Ifẹ̀ lọ. Ohun tó rí níbẹ̀ yà á lẹ́nu. Nínú Igbó Olókun, tó wà lẹ́yìn ìlú, àwọn ènìyàn ti ń wa ilẹ̀ tipẹ́ láti wá ìlẹ̀kẹ̀ segi. Ó rí àwọn ìkòkò amọ̀ tí dígí yíyọ́ ti gan mọ́ lára. Ó rí orí alámọ̀ tí ojú, imú àti ètè rẹ̀ rí bíi ti ènìyàn gidi, tí ilà wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ sì wà lójú wọn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi orí kan hàn án. Idẹ ni wọ́n fi rọ ọ́. Adé wà lórí rẹ̀, ohun ọ̀ṣọ́ kan sì dúró ṣánṣán níwájú adé náà. Wọ́n ní Olókun ni. Inú ilẹ̀, nínú igbó, ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, wọn a sì hú u jáde fún ìbọ. Frobenius kò rí irú rẹ̀ rí ní Áfíríkà. Ó bá àwòrò tó ń tọ́jú rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó san pọ́n-ún mẹ́fà, ó sì gbé orí náà.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé. Orí òrìṣà kì í ṣe ohun ìní ẹnì kan. Bí ẹni tó ń ṣọ́ ọ bá gba owó lórí rẹ̀, ìyẹn kò ní kó di tirẹ̀ láti tà. Ẹjọ́ dé etí Ọọ̀ni, ó sì dé etí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó ti ń kó ohun mímọ́ kúrò ní ojúbọ láìgba àṣẹ àwọn tó ni ín. Charles Partridge, ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Ìbàdàn, lọ sí Ifẹ̀, ó gbọ́ ẹjọ́ náà, ó sì pàṣẹ pé kí Frobenius dá orí Olókun àti àwọn ohun òrìṣà mìíràn padà. Frobenius bínú gidigidi. Lójú tirẹ̀, ó ti rà á, owó ti kọjá ọwọ́, ìlara Gẹ̀ẹ́sì sí Jámánì ló fa gbogbo rẹ̀. Ó kọ ẹ̀hónú rẹ̀ sí inú ìwé, ojú ewé lórí ojú ewé. Ṣùgbọ́n orí náà padà sí Ifẹ̀. Àwọn orí alámọ̀ àti àfọ́kù mélòó kan ló bá a dé Berlin.

Láti Ifẹ̀ ó kọjá sí ilẹ̀ Tápà, ó dé Bídá, ó sì ti ibẹ̀ wọ Kamẹrúùnù. Nígbà tó padà sílé, ó kọ ìwé ńlá kan nípa ìrìn àjò náà. Láàárín ọdún 1912 sí 1913 ni ó jáde ní èdè Jámánì, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1913. Ìwé yìí ló jẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ orúkọ Ifẹ̀. Òun náà ló sì gbé àṣìṣe tó tóbi jù lọ nínú iṣẹ́ rẹ̀ jáde.

Frobenius wo orí idẹ náà, ó wo àwọn ènìyàn tó wà láyìíká rẹ̀, kò sì lè gbà pé bàbá ńlá àwọn wọ̀nyí ló ṣe é. Ó ní iṣẹ́ náà dára jù fún wọn. Ó wá ìdáhùn lọ sí òkèèrè. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ ní ìtàn ilẹ̀ kan tó ń jẹ́ Atlantis, tí òkun bò mọ́lẹ̀. Frobenius ní ilẹ̀ Yorùbá ni ilẹ̀ náà, pé àwọn ènìyàn kan láti ìhà òkun Mẹditaréníà ló tukọ̀ wá ní ìgbà láéláé, tí wọ́n tẹ̀dó, tí wọ́n sì fi ọgbọ́n wọn sílẹ̀. Ó ní Olókun ni Poseidon, òrìṣà òkun àwọn Gíríìkì. Àgbàlá inú agbo ilé Yorùbá pàápàá, tí òjò ń rọ̀ sí láàárín, ó fi ṣe ẹ̀rí, torí pé àwọn ará Ítálì àtijọ́ náà kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀. Bí ó ṣe gbé iyì fún Áfíríkà pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ ló fi ọwọ́ òsì gbà á padà.

Kì í ṣe Frobenius nìkan ló ń ronú báyìí nígbà náà. Ìjọba àmúnisìn ń jẹ̀gbádùn èrò pé àwọn tí wọ́n ń jọba lé lórí kò lè dá nǹkan ńlá ṣe. Bí ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ Áfíríkà tó báyìí bá lè sọ bẹ́ẹ̀, kí ni àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ kò ní sọ? Ohun tó wà nílẹ̀ kọjá ọ̀rọ̀ ère. Ọ̀rọ̀ ẹni tó lè pe ara rẹ̀ ní olówó ọgbọ́n bàbá rẹ̀ ni.

Ilẹ̀ Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ ló dáhùn. Ní oṣù kìíní ọdún 1938, àwọn tó ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, tí kò jìnnà sí ààfin Ọọ̀ni, kan irin nínú ilẹ̀. Wọ́n hú orí jáde, wọ́n tún hú òmíràn. Kí wọ́n tó ṣe tán, orí tó lé ní mẹ́wàá ló ti jáde, tí wọ́n fi idẹ àti bàbà rọ. Orí kan lè jẹ́ àlejò. Orí tó pọ̀ tó báyìí, tí wọ́n jọ ara wọn bí ọmọ ìyá, inú ilé kan náà ni wọ́n ti wá. Ọ̀kan nínú wọn di ti ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀mọ̀wé William Bascom láti Amẹ́ríkà ra méjì, ó sì dá wọn padà ní ọdún 1950.

Ní ọdún 1957, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ilé ní Ìta Yemòó tún kan àwọn ère idẹ mìíràn. Frank Willett, onímọ̀ ìwalẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wa ilẹ̀ ibẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, ó ń wọn ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan wà kó tó gbé e. Àyẹ̀wò èédú àti amọ̀ fi hàn pé láàárín nǹkan bíi ọdún 1100 sí 1500 ni àwọn ará Ifẹ̀ ṣe iṣẹ́ wọ̀nyí. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìgbà yẹn ti kọjá kí ọkọ̀ òyìnbó tó kọ́kọ́ dé etíkun wa, kò sì sún mọ́ ìgbà àwọn Gíríìkì àtijọ́ rárá. Orí alámọ̀ àti orí idẹ jọ ara wọn. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń rọ idẹ náà ni gbogbo alágbẹ̀dẹ idẹ ilẹ̀ wa mọ̀: wọn a fi ìda mọ ère, wọn a fi amọ̀ bò ó, wọn a fi iná yọ ìda jáde, wọn a sì da idẹ gbígbóná sí ipò rẹ̀.

Igbó Olókun náà kò dákẹ́. Ọ̀mọ̀wé Abidemi Babatunde Babalola wa ilẹ̀ ibẹ̀ láàárín ọdún 2011 sí 2012, ó sì rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ àti àfọ́kù ìkòkò dígí, irú èyí tí Frobenius rí. Àyẹ̀wò tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2017 fi hàn pé dígí náà ní ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí ti Yúróòpù àti ti àwọn Lárúbáwá. Ifẹ̀ ni wọ́n ti sè é, láti inú ohun tí wọ́n rí ní ilẹ̀ ibẹ̀. Ẹ̀rí tí Frobenius ń wá lọ sí Atlantis, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wà.

Frobenius kò pẹ́ láyé tó láti rí gbogbo èyí. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ó dá ilé ìwádìí kan sílẹ̀ ní Munich ní ọdún 1920, ó sì gbé e lọ sí Frankfurt ní ọdún 1925. Láàárín ọdún 1921 sí 1928, ó tẹ àwọn ìtàn àti àlọ́ Áfíríkà jáde ní ìwé méjìlá. Ìkẹwàá nínú wọn dá lé òrìṣà ilẹ̀ Yorùbá. Ó lọ sí gúúsù Áfíríkà àti aginjù Sahara láti da àwọn àwòrán tó wà lára àpáta kọ. Ní ọdún 1937, wọ́n pàtẹ àwọn àwòrán náà ní New York. Yunifásítì Frankfurt sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n ní ọdún 1932. Ọkùnrin tí kò gba oyè kankan, tí wọ́n ti fi ṣe yẹ̀yẹ́, ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta nígbà náà. Ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 1938 ló kú ní Biganzolo, ní ilẹ̀ Ítálì. Oṣù méje péré lẹ́yìn tí ilẹ̀ Wúnmọníjẹ̀ sọ̀rọ̀ ni.

Orí Olókun tó fa gbogbo ìjà náà kò sinmi. Ní ọdún 1948, wọ́n gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, àwọn onímọ̀ sì yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní wọ́n rí i pé inú yanrìn ni wọ́n ti rọ ọ́, kì í ṣe ọ̀nà ìda tí àwọn ará Ifẹ̀ ń gbà. Èyí túmọ̀ sí pé àwòkọ ni, ẹnì kan ti fi í pààrọ̀ ojúlówó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn nawọ́ sí Frobenius, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rí ẹ̀rí tó dájú mú un. Àríyànjiyàn lórí orí náà kò tíì tán. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ròyìn nínú ìwé ìrántí rẹ̀ tó jáde ní ọdún 2006 pé òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun lọ dé ilẹ̀ Bùràsíìlì láti gba orí kan tí wọ́n gbọ́ pé òun ni ojúlówó. Wọ́n rí i gbé, ṣùgbọ́n àwòkọ tí wọ́n ń tà fún àwọn àlejò ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni ó jẹ́. Síbẹ̀, àwòrán Orí Olókun ni wọ́n fi ṣe àmì ìdíje eré ìdárayá gbogbo Áfíríkà ní Èkó ní ọdún 1973, orúkọ rẹ̀ náà ni wọ́n sì fi sọ gbọ̀ngán eré tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1968.

Báwo ló ṣe yẹ kí á rántí irú ẹni bẹ́ẹ̀? Léopold Sédar Senghor, tó di ààrẹ Sẹ̀nẹ̀gà ní ọdún 1960, ka ìwé Frobenius nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Paris, ó sì ní ìwé náà ló là á lójú sí iyì Áfíríkà. Ṣóyínká ní tirẹ̀, nígbà tó ń gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1986, tọ́ka sí bí Frobenius ṣe yin iṣẹ́ tó sì tẹ́ńbẹ́lú ọmọ ẹni tó ṣe é. Àwọn méjèèjì ló tọ̀nà. Bí kò bá sí Frobenius àti Arriens, a kò ní mọ bí ojúbọ Agbeni ṣe rí ní ọdún 1910. Bí a bá sì gba gbogbo ohun tó sọ gbọ́, a ó máa wá bàbá wa ní ilẹ̀ Gíríìkì.

Ní Òjé, níbi tí wọ́n ti ń ta aṣọ òkè, ẹni tó bá gbé aṣọ àtijọ́ sílẹ̀, oníbàárà tó mọ aṣọ yóò yẹ ìdí rẹ̀ wò, yóò sì bèèrè ẹni tó hun ún. Ẹni tó gbà pé aṣọ dára, tó sì ní kò lè jẹ́ pé ahunṣọ tó wà níwájú òun ni bàbá rẹ̀ hun ún, irú oníbàárà tí Frobenius jẹ́ nìyẹn. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Ifẹ̀, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1954, kún fún orí tí ilẹ̀ dá padà. Ṣùgbọ́n nínú agbo ilé púpọ̀ ní ìgboro Ìbàdàn àti ní abúlé, ère, ọpọ́n àti ìtàn wà lọ́wọ́ àwọn àgbà tí kò tíì sí ẹni tó bi wọ́n léèrè. Ẹni tó kọ́kọ́ bèèrè lọ́dún 1910 wá láti òkèèrè, ó sì ní ìdáhùn tirẹ̀ nínú àpò kó tó dé. Ó yẹ kí ẹni tí yóò tún bèèrè jẹ́ ọmọ onílé, kí ó sì jókòó pẹ́ tó láti gbọ́ ìdáhùn.